Ẹni Tí Ń Fi Ìwà Ẹyẹ Ṣe Iṣẹ́ Ìmọ̀

Bí ọmọ ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ kan bá jókòó ti baba rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì sọ fún un pé òun kò ní kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, òun kò ní kọ́ ìmọ̀ òfin, bẹ́ẹ̀ ni òun kò sì ní lọ ṣe akọ̀wé ní báńkì, pé ìwà ẹyẹ ni òun fẹ́ fi gbogbo ọjọ́ ayé òun kọ́, kí òun sì máa fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní yunifásítì, ó ṣeé ṣe kí baba náà kọ́kọ́ rò pé ọmọ òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, nígbà tí ó bá sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹ̀rín nínú, yóò béèrè ohun tí gbogbo òbí ilẹ̀ Yorùbá máa ń béèrè: "Kí ni wàá máa jẹ níbẹ̀?" Ìbéèrè náà kò burú, nítorí ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n baba tí ń béèrè yìí gan-an, bí ó bá jẹ́ àgbẹ̀ tàbí ọdẹ, ti ń ṣe ìdajì iṣẹ́ tí ọmọ náà fẹ́ ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ wá, láì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ta ni, nínú àwọn tí a tọ́ dàgbà ní oko kòkó ní Ìpele tàbí ní oko iṣu ní Ìdóàní, ni kò mọ̀ pé bí àwọn ẹyẹ kéékèèké bá ń ké kíkankíkan lórí igi kan ṣoṣo, tí wọn kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀, ejò tàbí òwìwí ló fara pamọ́ sínú ewé náà? Ta ni kò tíì gbọ́ ohùn ẹlulùú nígbà tí òjò ń ṣú, kí ó sì yára kó aṣọ tí ó sá sílẹ̀? Ta ni kò sì ṣàkíyèsí pé lékeléke, arẹwà aláṣọ àlà, a máa dé sọ́dọ̀ wa nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí àwọn ọmọdé a sì máa na ọwọ́ sí i pé kí ó fún àwọn ní èékánná funfun, kí ó tó tún gba òkè ọya lọ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀? Gbogbo èyí ni ọdẹ mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí ó ya onímọ̀ sọ́tọ̀ kò sí nínú ojú tàbí etí, nítorí pé ojú ọdẹ sábà máa ń ríran ju ti ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Onímọ̀ ń ka iye ni. Ó ń kọ iye náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ó ti kà á, ó sì ń padà wá ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, sí ojú ibi kan náà, ní wákàtí kan náà, láti tún un kà. Bi àgbà ọdẹ kan ní Ùté léèrè bóyá igún pọ̀ nígbà èwe rẹ̀, yóò dáhùn pé wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Bi í léèrè iye tí wọ́n jẹ́, yóò rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Kò pẹ́ tí a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948 ni òyìnbó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Elgood, tí ó jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ẹranko níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí rìn kiri inú igbó tí ó yí ìlú ńlá náà ká, tí ó sì rí ẹyẹ kan tí kò sí nínú ìwé onímọ̀ kankan ní gbogbo àgbáyé. Ìbátan ẹ̀gà ni ẹyẹ náà: dúdú ni ara rẹ̀, orí àti àyà rẹ̀ pupa, òkè àwọn igi gíga ni ó sì ń gbé. Ní 1958 ni Elgood kọ ìwé tí ó fi ẹyẹ náà han ayé, tí ó sì sọ ọ́ ní Malimbus ibadanensis. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Ìbàdàn ṣe wọ inú èdè Látìnì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹ bá dúró ní Dùgbẹ̀ lónìí tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń kọjá, ilẹ̀ lè ṣú kí ẹ tó rí ẹni tí ó mọ̀ pé ìlú òun ní ẹyẹ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Elgood kan náà ni ó ṣáájú àwọn tí ó ṣe àkójọ orúkọ gbogbo ẹyẹ orílẹ̀-èdè yìí sínú ìwé kan, tí a tún ṣe ní 1994, iye irú ẹyẹ tí a sì mọ̀ ní Nàìjíríà ti lé ní 900. Láti 1964 ni àwọn olùfẹ́ ẹyẹ ti ní ẹgbẹ́ tiwọn ní Nàìjíríà tí ń tẹ ìwé ìròyìn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbòòrò títí ó fi di ti gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Malimbus ni wọ́n sọ ìwé ìròyìn náà, orúkọ tí ẹyẹ Ìbàdàn àti àwọn ìbátan rẹ̀ ń jẹ́ lápapọ̀.

Àwọn tí ó jogún iṣẹ́ náà kì í ṣe òyìnbó nìkan. Shiiwua Manu, ọmọ Nàìjíríà tí ó wá di olórí ilé-ẹ̀kọ́ ẹyẹ ní Jos lẹ́yìn náà, gba inú àwọn igbó tí ó ṣẹ́ kù ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá ẹyẹ Ìbàdàn yìí kiri, nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé àbájáde wọn jáde ní 2005, iye gbogbo rẹ̀ tí wọ́n ṣírò pé ó kù láyé sún mọ́ 2,500. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa: gbogbo ayé ni mo wí. Ẹyẹ náà kò sí ní ilẹ̀ mìíràn, kò sí ní Gánà, kò sí ní Kamẹrúùnù. Ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ilé rẹ̀, bí a bá sì pa á run níhìn-ín, ó parun náà nìyẹn.

Ilé-ẹ̀kọ́ Jos tí mo dárúkọ yìí ni ó yẹ kí ọmọ Ọ̀wọ̀ wa ìṣáájú máa wò lọ́kàn rẹ̀. A. P. Leventis Ornithological Research Institute ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, APLORI ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè é. Abẹ́ Yunifásítì Jos ni ó wà, a dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí pẹ̀lú owó àjọ Leventis àti ìrànwọ́ Yunifásítì St Andrews ní Skọ́tílándì, a sì kọ́ ọ sí etí igbó Amurum, ní abúlé Laminga, níbi tí òkúta àti koríko ti pọ̀ ju igi lọ. Ibẹ̀ ni àwọn tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ẹranko tàbí ìmọ̀ igbó, láti Ìbàdàn, láti Abẹ́òkúta, láti Àkúrẹ́ àti láti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà, ti máa ń gba oyè kejì, tí wọn á sì di olùkọ́ káàkiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òwúrọ̀ wọn ṣe rí. Kí ojú tó mọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti na àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín igbó lórí ọ̀pá, àwọ̀n tí okùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ kò fi ní rí i nínú òjìji ewé. Ẹyẹ tí ó bá fò lù ú yóò jábọ́ sínú àpò àwọ̀n náà, yóò sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ láì fara pa, bí ẹni tí ó ni àwọ̀n bá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ni wọn kì í fi jẹ́ kí ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó padà yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá tí oòrùn bá ti ń mú. Yíyọ ẹyẹ kúrò nínú àwọ̀n ni ìdánwò àkọ́kọ́: ọ̀nà tí ó gbà wọlé ni a ó fi yọ ọ́ jáde, ẹsẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń tú, lẹ́yìn náà ìyẹ́ apá, lẹ́yìn náà orí. A ó wá dì í mú kí ọrùn rẹ̀ wà láàárín ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín, ẹ̀yìn rẹ̀ á fara ti àtẹ́lẹwọ́, ọkàn rẹ̀ a sì máa lù kìkìkì débi pé a ò lè kà á. Wọn á fi òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a kọ nọ́ńbà sí wọ̀ ọ́ ní ẹsẹ̀, wọn á fi rúlà wọn apá rẹ̀, wọn á fẹ́ atẹ́gùn sí ìyẹ́ àyà rẹ̀ láti wo bí ó ṣe lọ́ràá tó, wọn á kó o sínú àpò aṣọ kékeré kan láti fi wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, wọn á kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, wọn á sì la ọwọ́. Ẹyẹ ti lọ. Bí a bá tún mú ẹyẹ kan náà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sọ iye ọdún tí ó ti lò àti bí ó ti rìn jìnnà tó.

Ọ̀nà yìí àti àwọn irinṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e ni a fi mọ ohun tí àgbà ọdẹ kò lè mọ̀ láé, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó. Lẹ́bàá Jos, àwọn onímọ̀ so irinṣẹ́ kan tí kò wọ̀n tó gíráàmù kan mọ́ ẹ̀yìn ẹyẹ kékeré tí a ń pè ní whinchat, tí í wá lo ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wa. Ẹyẹ náà fò kọjá Sàhárà, ó lọ bímọ ní ìlà-oòrùn Yúróòpù, nígbà tí òtútù sì tún dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn padà wá sí ojú ilẹ̀ kékeré kan náà tí a ti mú wọn. Ẹyẹ tí kò wúwo tó lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ mọ ọ̀nà ilé ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ó di dandan kí a lọ sí Jos tàbí kí a ra irinṣẹ́ kí a tó lè kọ́ ìwà ẹyẹ, kí ó lọ jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ tí ẹ̀gà ti tẹ ìlú dó sí. Ẹ̀gà aláriwo, ẹ̀gà ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́, tí ó fi ewé ọ̀pẹ àgbẹ̀ hun ilé tí ó sì sọ ọ̀pẹ náà di ìhòòhò! Akọ ni í hun ilé. Yóò ya ewé tẹ́ẹ́rẹ́, yóò so ó mọ́ ẹ̀ka, yóò ṣe é ní òrùka, yóò dúró sínú òrùka náà, yóò sì máa hun síwájú títí ilé yóò fi di pípé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yóò sì dojú kọ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹsẹ̀ gbá ìsàlẹ̀ ilé náà mú, tí yóò sorí kodò, tí yóò sì máa gbọn ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú igbe, tí ń pe aya. Abo yóò wá, yóò wọlé, yóò fi ẹnu fa ewé ìhín àti ewé ọ̀hún wò bóyá ó le. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò jáde lọ, kò sì ní sọ ìdí. Ewé tí ó ti gbẹ tí ó sì ti pọ́n kì í wu abo, nítorí náà nígbà tí ilé bá ti pẹ́ láì rí ìyàwó, akọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò tú u ká, ewé lẹ́yìn ewé, tí yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ yìí yóò yé dáadáa.

Inú ẹyin ẹ̀gà ni ọ̀ràn tí ó jìn jù wà. Ẹyẹ kékeré kan wà tí ara rẹ̀ ń dán pẹ̀lú àwọ̀ ewé, tí a ń pè ní Diederik, tí kò ní ilé tirẹ̀, tí í máa yọ́ wọ ilé ẹ̀gà láti yé ẹyin síbẹ̀, kí onílé lè bá a pa á kí ó sì bá a tọ́ ọmọ. Ẹ̀gà kò gba ìyà náà lásán: ẹyin abo kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, ti ẹnìkan funfun, ti ẹnìkejì aláwọ̀ òféfèé, ti ẹ̀kẹta ní àmì pupa wẹ́wẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá ilé fi lè mọ ẹyin àjèjì lójú ẹsẹ̀, tí yóò sì tì í sóde. Ní ayé òwò ẹrú, a gbà pé a kó ẹ̀gà láti apá Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yìí gba orí òkun dé erékùṣù Hispaniola, níbi tí Haiti wà lónìí, ó sì di ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀. Kò sì sí Diederik kankan ní gbogbo ilẹ̀ náà. David Lahti, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, lọ wo ẹyin àwọn ẹ̀gà tí a kó lọ yìí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2005 pé láàárín nǹkan bí igba ọdún tí wọn kò fi rí olè ilé, ẹyin wọn ti ń jọra wọn ju ti àwọn tí ó kù nílé lọ. Ẹ̀ṣọ́ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé olè kò wá mọ́. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé ní Ẹ̀mùrẹ́-Ilé nìyẹn, tí a sì lè fi ìgbésí ayé ènìyàn kan kọ́ láì tíì tán.

Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ẹnu ẹyẹ kan ni í tú àṣírí ẹyẹ mìíràn. Ní òkè Jos, ẹyẹ dúdú kékeré kan wà tí òun náà ń yé ẹyin sí ilé onílé, tí akọ rẹ̀ sì máa ń kọ orin ẹyẹ tí ó tọ́ ọ dàgbà, nítorí pé orin baba alágbàtọ́ nìkan ni ó gbọ́ nígbà tí ó wà ní ìtẹ́. Robert Payne, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, tẹ́tí sí orin náà, ó sì rí i pé kò bá ti ẹyẹ kankan tí a mọ̀ mu rẹ́gí. Ó wá ẹni tí ó ni orin náà láàárín àwọn òkúta, ó sì rí i: ẹyẹ pupa kékeré kan tí a ti ń fojú rí tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí a ń pè ní ohun mìíràn. Ní 1998 ni ó fún un ní orúkọ. Ọmọ àgbàtọ́ ni ó júwe ilé alágbàtọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ ti owó àti ti oyè, nítorí baba tí ó béèrè ìbéèrè níbẹ̀rẹ̀ ṣì ń dúró. Ọ̀nà náà kò yàtọ̀ sí ti olùkọ́ yunifásítì yòókù: oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ẹranko tàbí ti igbó àti ẹranko ìgbẹ́, irú èyí tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́ ní ẹ̀ka fún, tí kò sì jìnnà sí Ọ̀wọ̀, oyè kejì, oyè ọ̀mọ̀wé, igbá-kejì olùkọ́, olùkọ́ onípò kejì, onípò kìíní, olùkọ́ àgbà, títí dé ọ̀jọ̀gbọ́n fún ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní ẹ̀mí àti sùúrù. Iṣẹ́ kíkọ́ni ni yóò máa gba ọ̀sán rẹ̀: yóò mú àwọn ọmọ lọ sínú igbó ní ìdájí, yóò ní kí wọ́n dúró sí ojú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n má fọhùn, kí wọ́n kọ gbogbo ẹyẹ tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀, yóò sì rí i pé ọmọ tí ó gba máàkì tó ga jù nínú kíláàsì kọ mẹ́ta, ọmọ ọdẹ tí ó ń bẹ lẹ́yìn sì kọ mẹ́tàlá. Ìdíwọ́ tí àwọn ará ìlú òyìnbó kò mọ̀ sì tún wà. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, kò sì parí títí di oṣù kẹwàá. Ẹ wò ó, gbogbo àkókò òjò ni ìyẹn, àkókò gan-an tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ wa ń pa ọmọ. Ẹ̀gà kò bá ẹnikẹ́ni yanṣẹ́ lódì. Ọdún tí a kò kà kò ṣeé padà lọ kà.

Nísinsin yìí, kí ni kíkọ́ ìwà ẹyẹ ní ṣe pẹ̀lú dídá ẹ̀mí rẹ̀ sí? Ẹ wo àgbìgbò. Nígbà tí abo rẹ̀ bá fẹ́ yé ẹyin, yóò wọ inú ihò igi ńlá kan, a ó sì fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò náà mọ́ ọn títí yóò fi ku ojú tóóró tí ẹnu akọ lè gbà wọlé. Láti ibẹ̀ ni akọ yóò ti máa fi èso àti kòkòrò bọ́ ìyá àti ọmọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ọdẹ bá yìnbọn pa akọ ní àkókò yìí, kì í ṣe ẹyẹ kan ni ó pa. Bí onígẹdú bá sì gé igi ńlá tí ó ní ihò, tí ó fi igi wẹ́wẹ́ ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, lójú wa igbó ṣì wà, ṣùgbọ́n àgbìgbò kò ní yàrá ìbímọ mọ́. Ẹni tí kò mọ ìwà yìí lè gbin igi tíìkì sí ẹgbẹ̀rún éékà, kí ó ní òun ti dá igbó padà. Ẹyẹ kì yóò bá a ṣe ayẹyẹ.

Ti igún ni ó dùn mí jù. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí: àwọn baba ńlá wa ti fi òfin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dáàbò bo ẹyẹ yìí kí ìjọba kankan tó mọ̀ pé ó yẹ kí a ṣe òfin fún un, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, nítorí igún ni akọ́lẹ̀-kódọ̀tí-ìlú tí kì í gba owó oṣù, tí í jẹ òkú ẹran kí àìsàn tó ti inú rẹ̀ jáde. Àwa ni a rú òfin náà. Ní 2015, àwọn onímọ̀ àgbáyé gbé igún kékeré tí a mọ̀ ní ilẹ̀ wa sí ipò ẹyẹ tí ó wà ní bèbè ìparun pátápátá. Ìwádìí tí Darcy Ogada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní àkókò kan náà sì fi hàn pé nínú 100 igún bẹ́ẹ̀ tí ó wà ní Áfíríkà ní nǹkan bí ìran mẹ́ta ẹyẹ náà sẹ́yìn, bí 83 ti lọ. Májèlé ni ó pa púpọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n òwò orí àti ẹ̀yà ara igún fún oògùn ni ó tẹ̀ lé e. Ní 2020, ní Guinea-Bissau, igún tí ó lé ní 2,000 kú nípa májèlé, a sì rí ọ̀pọ̀ òkú wọn tí wọ́n ti gé orí lọ. Kí a sì tún rántí ìwà: ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lọ́dún. Adìyẹ tí àṣá gbé ọmọ rẹ̀ márùn-ún lè tún pa mẹ́wàá kí ọdún tó yí. Igún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, iye tí ọjà bá kó lóṣù kan lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó padà. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí a dá sílẹ̀ ní 1980, ti ń jókòó pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti wá ewé tí wọn yóò máa lò dípò ẹ̀yà ara igún, mo sì rò pé ọgbọ́n wà nínú èyí ju pé kí a máa fi ọlọ́pàá lé wọn kiri ọjà, nítorí pé inú ìmọ̀ ewé àwọn tí a fẹ́ dá lẹ́kun náà ni ìtúsílẹ̀ igún wà.

Odídẹrẹ́, aláyé òótọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn púpọ̀. Kò sí adé pàtàkì kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ iyì ìkó rẹ̀. Ní Gánà, ìwádìí tí ó jáde ní 2016 fi hàn pé láti 1992 ó ti lọ sílẹ̀ tó bí 90 sí 99 nínú 100, nítorí àwọn tí ń kó ọmọ rẹ̀ tà sí òkè òkun àti nítorí igi tí a gé. Ní ọdún kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi ẹnu kò pé kí òwò odídẹrẹ́ inú igbó di èèwọ̀ láàárín ara wọn.

Ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wá jẹ́ ibi tí ó yẹ kí onímọ̀ ẹyẹ kan fi ṣe oko ìmọ̀ rẹ̀. Ọ̀wọ̀, ìlú Ọlọ́wọ̀, ìlú Ìgògò, wà ní ibi tí igbó kìjikìji ti ń fi ọwọ́ kan ọ̀dàn: bí ẹ bá kúrò ní oko kòkó tí ó wà ní ìhà gúúsù, tí ẹ dojú kọ àwọn òkè Ìdóàní àti Ìmẹ̀rí, ẹ ó rí i bí koríko ti ń gba ipò igi díẹ̀díẹ̀, ẹyẹ igbó àti ẹyẹ ọ̀dàn a sì máa pàdé ara wọn ní ojú kan náà. Odò Ọ̀sẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá lọ sí ìhà ilẹ̀ Ẹdó, igbó ọba sì wà ní Ìfọ́n. Àgbìgbò fẹ́ igi gíga, àparò fẹ́ koríko, agbe àti àlùkò, tí àwọn onímọ̀ kà mọ́ ìdílé kan náà, fẹ́ èso. Nípa àwọn méjì yìí, nǹkan kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi. A ní agbe ló laró, àlùkò ló losùn. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ti tú ìyẹ́ ìdílé yìí wò láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì rí i pé osùn náà jẹ́ osùn lóòótọ́, àwọ̀ pupa tí bàbà wà nínú rẹ̀, tí kò sí lára ìdílé ẹyẹ mìíràn kankan. Ṣùgbọ́n aró náà kì í ṣe aró, ìmọ́lẹ̀ ni ìyẹ́ náà ń dá padà ní ọ̀nà tí ojú wa fi rí i ní búlúù, bí a bá sì lọ̀ ọ́ kúnná, búlúù náà á pòórá.

Kí ni kò wá jẹ́ kí àwọn onímọ̀ kún inú igbó Ọ̀sẹ́? Òtítọ́ ni kí a sọ. Ìbẹ̀rù wà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Olúfọ́n ti Ìfọ́n, ọba aládé lórí ìtẹ́ baba rẹ̀, wàjà lọ́wọ́ àwọn agbébọn nítòsí Ẹlẹ́gbẹ̀ká, bí wọ́n ti ń darí bọ̀ wálé. Bí a bá lè ṣe èyí sí ọba ní ojú títì, kò sí olùkọ́ kan tí ó ní làákàyè tí yóò mú ọmọ ọlọ́mọ wọ igbó ní ìdájí láì ní ẹni tí ó mọ ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdájí sì ni ẹyẹ ń fọhùn; a kò lè sún un di ọ̀sán. Nítorí náà ni iṣẹ́ yìí, ní ilẹ̀ tiwa, kò fi lè jẹ́ ti ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan, ó di ti ọ̀jọ̀gbọ́n àti ọdẹ àti ọlọ́dẹ ìlú pa pọ̀.

Ọ̀nà kan sì wà tí ẹni tí kò wọ yunifásítì rí fi lè bá wọn ṣe é. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni APLORI àti àwọn alábàáṣe wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àwòrán-ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà. Wọ́n pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí igun mẹ́rin mẹ́rin kéékèèké, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà mẹ́sàn-án, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ràn ẹyẹ wọ inú igun kan, kí ó lo ó kéré tán wákàtí méjì níbẹ̀, kí ó kọ orúkọ gbogbo irú ẹyẹ tí ó bá rí tàbí tí ó bá gbọ́ sínú fóònù rẹ̀ bí wọ́n ti ń tẹ̀ lé ara wọn. Ó lè máa fi tuntun kún un títí di ọjọ́ márùn-ún. Ohun méjì ni ó wà nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ tí ó wà nínú rẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n èyí tí kò sí níbẹ̀ náà wúlò, bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá mọ ẹyẹ dáadáa tí ó sì lo àkókò rẹ̀ pé: àkọsílẹ̀ láti agbègbè ilé ìpẹran kan ní Ọ̀wọ̀ tí lékeléke, àwòdì, ẹ̀gà àti àdàbà wà nínú rẹ̀, tí a kò sì rí igún, jẹ́ ìròyìn gidi fún ẹni tí yóò kà á ní Jos. Olùkọ́ ilé-ìwé girama ní Ìdóàní lè bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ní etí ìlú, láì wọ igbó jìnnà. Bí wọ́n bá pàdé àgbà ọdẹ lọ́nà, kí wọ́n kí i, kí wọ́n sì bi í léèrè orúkọ tí àwọn ará Ìdóàní ń pe ẹyẹ tí ń ké lókè yẹn, nítorí ó lè yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́ tí ó wà nínú ìwé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Látìnì rẹ̀.